Kọ́kọ́rọ́ Ọwọ́ Gbọ́ládé

Àpọ́nlé, ọmọ Ìkirè tó ń gbé ní Joju, ń gé etí sálúbàtà rọ́bà ní kọ́ńpìnnì kan ní Sango. Ọdún Sáàpù ni, tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú fún ìgbànú mọ́ra, gààrí pàápàá ti di ohun tí à ń fojú wò. Wọ́n ti dá ọkọ rẹ̀ dúró níbi iṣẹ́. Owó Àpọ́nlé nìkan lòun, ọkọ àti Tóyọ̀sí ọmọ wọn ń jẹ. Ariwo sì gba gbogbo kọ́ńpìnnì pé ogún èèyàn ni wọ́n máa já sílẹ̀ láìpẹ́.

Ọwọ́ Gbọ́ládé, súpáfáísọ̀ wọn, ni kọ́kọ́rọ́ ṣáláńgá wà. Ẹni tó bá tọrọ ẹ̀, Gbọ́ládé á wo aago, á kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé pélébé kan. Gbogbo wọ́n gbà pé inú ìwé yẹn ni wọ́n máa ti ṣa àwọn tó ń lọ. Ni Àpọ́nlé bá ń mú ìgbẹ́ mọ́ra, láti àárọ̀ títí á fi délé. Ẹ ò rí nǹkan!

Nígbà tó di oṣù méjì, ìgbẹ́ ti le koko. Bó bá jàjà yà á tán, ìgbà yẹn gan-an ni inú á wá máa lọ́ ọ, á di ògiri mú, òógùn á bò ó. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Kò fẹnu kan ṣúgà mọ́, àgbo ló ń dà mu, inú sì tún ń lọ́ ọ sí i.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní Jímọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa pe orúkọ, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára ìgbẹ́ ẹ̀. Àyà ẹ̀ já. Ó sáré lọ bá Ẹfúnkẹ́, nọ́ọ̀sì àdúgbò wọn, ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹfúnkẹ́ ní ìgbẹ́ ọ̀rìn tàbí aràn lè fa irú ẹ̀, àìsàn ìfun mìíràn náà sì lè fà á, òun á yẹ ìgbẹ́ ẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbígbẹ ló jọ pé ó ń ya ìdí ẹ̀.

“Ìyá Tóyọ̀sí, bí ìgbẹ́ bá gbọ̀n yín, ẹ lọ. Bẹ́ ẹ bá tún mú un mọ́ra, àgbo kankan ò ní gbà yín.”

Ẹnu dùn ún sọ. Ta ló máa bá a bọ́ ọmọ?

Jímọ̀ pé, ìgbẹ́ gbọ̀n ọ́n. Ó wa eyín pọ̀. Ó rántí ẹ̀jẹ̀ yẹn, ló bá dìde, ó nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí Gbọ́ládé níṣojú gbogbo wọn. Gbọ́ládé wo aago, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún un.

Inú ṣáláńgá ló wà tí akọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ níta. Àpọ́nlé ń fi ìka kà wọ́n. Ogún pé, kò gbọ́ orúkọ ara ẹ̀. Gbọ́ládé ni wọ́n pè ṣìkejì ogún, òun ló kẹ́yìn.

Nígbà tí Àpọ́nlé jáde, Gbọ́ládé dúró síbẹ̀, ìwé pélébé lọ́wọ́ ẹ̀. Àpọ́nlé bi í bóyá ìwé náà ni wọ́n fi ṣa àwọn tó ń lọ.

“Èyí? Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ẹ̀ rí. Mo kàn ń fi dẹ́rù bà yín ni.”

Inú bí Àpọ́nlé. Ó ki kọ́kọ́rọ́ ṣáláńgá bọ àpò ara ẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́.