Èèkàn Ìyá Rẹ́mí ní Ọ̀fun

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rọ́bà mi dojú dé ní Ọ̀fun, ìwé tí àwọn àlejò mi ká sínú àpò ń sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ ibẹ̀ rí. Mo ti ka ìwé náà ṣáájú, lédè Faransé, nínú ọ́fíìsì ọ̀gá wa ní Kùtọnu. Mo bi í pé, "Mùsé Ẹ́rìkì, ibo lẹ ń pè ní ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí? Ṣé ibi tí mo ti ń fọ aṣọ ọmọ mi nìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tantí, pibilisité lásán ni," ìyẹn ìpolówó ọjà. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú di òní olónìí. Ohun tó tún ń bí mi nínú jù ú lọ ni pé èmi gan-an bá wọn sọ ọ́ di òótọ́.

Kpingni ni wọ́n bí mi sí, láàrin oko iṣu. Ilé ọkọ ló gbé mi dé ẹ̀bá odò Wẹ̀mẹ̀. Gààrí ni mo máa ń gbé sọdá lọ́jọ́ ọjà, ẹni tó sì ń tu wá sọdá ni Bàbá Rẹ́mí, apẹja tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ju àjẹ̀ kan sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ọwọ́ kò dùn ọ́. Tu ọkọ̀." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí ọkọ̀ náà po lójú kan ṣoṣo, gààrí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tutù, wọ́n sì bú mi débi tí Bàbá Rẹ́mí fi rẹ́rìn-ín. N kò rí eyín rẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ibi tí omi bá ti ń sáré lórí àpáta tó sì ń yọ ìfófòó, ìhó la ń pè é. Etí ló máa ń kọ́kọ́ rí ìhó, ojú a tẹ̀lé e. Ó kọ́ mi pé kí a tó wọ ìhó kankan, kí a so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí a gun àpáta, kí a wo omi látòkè, nítorí ẹni tó bá ti wà nínú rẹ̀ kò ráyè wò ó mọ́. "Omi kì í gbọ́ àlàyé," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Èyí tó le jù nínú gbogbo ìhó náà ni Ọ̀fun. Níbẹ̀, òkè méjì fún odò náà mọ́ra, gbogbo omi a sì gba ọ̀nà tóóró kan kọjá pẹ̀lú ariwo. Lókè Ọ̀fun díẹ̀, níbi tí omi ti ṣì ń rọra lọ, ni ọgbà ẹja Bàbá Rẹ́mí wà: èèkàn mẹ́sàn-án, igi apá ni gbogbo wọn, tí baba rẹ̀ ti rì sáàrin àpáta kí wọ́n tó bí òun fúnra rẹ̀. Ìgèrè ni wọ́n máa ń so mọ́ wọn láti kó ẹja. Wọ́n gé àmì mẹ́ta sára èèkàn tó ga jù. Bí omi bá wà nísàlẹ̀ àmì àkọ́kọ́, kí ìgèrè wà níbẹ̀, kí ọkọ̀ sì kọjá. Bó bá dé àmì kejì, kí wọ́n kó ìgèrè, kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n fi okùn sọ ọkọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé àmì kẹta, kí kálukú wábi sùn. Òjò lè má kán sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Òjò tó rọ̀ lápá Pàràkú ló máa ń wá bá wa lójijì. Èèkàn yẹn nìkan ló máa ń sọ fún wa.

Òfin kan tún wà. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹja náà gbọ́dọ̀ ké sí onílé, kó sì dúró títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Oko kì í jẹ́ ti baba àtọmọ kó má ní ààlà, ká má tíì sọ odò tí gbogbo ayé ń gbà kọjá. Olè nìkan ló ń kọjá láìkí. Nígbà tí Bàbá Rẹ́mí kú, ìyàwó rẹ̀ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń mójú tó ọgbà náà, Ìyá Rẹ́mí ló sì ń dá wa lóhùn.

Ẹ̀yìn náà ni Mùsé Ẹ́rìkì dé, tó fi kámíóò akẹ́rù kó ọkọ̀ rọ́bà wá, pẹ̀lú àkoto àti ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó, èyí tí wọ́n ń pè ní jílẹ̀. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó mú ọkùnrin kan wá tó kọ́ wa bí a ṣe ń ju okùn sí ẹni tó bọ́ sómi, ẹ̀kọ́ náà sì wúlò. Èmi ló fi ṣe atọ́nà àgbà, nítorí kò sẹ́ni tó mọ odò náà bíi tèmi. Jílíbẹ̀, ọmọ àbúrò ọkọ mi, ló ń tu ọkọ̀ kejì. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìrìn-àjò tí àwọn àlejò ń sanwó fún: a óò gbéra lápá òkè Ṣábẹ̀, a óò máa sùn sórí iyanrìn etí odò, ọjọ́ kẹta la óò kọjá Ọ̀fun. Bí àwọn àlejò bá dé, wọ́n á wo orí mi kọjá, wọ́n á bi Jílíbẹ̀ pé, "Atọ́nà wa dà?" Jílíbẹ̀ á na ìka sí mi. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi ìyẹn rín.

Èyí tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni àwọn àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àkọ́kọ́, Mùsé Ẹ́rìkì ní kí a yé ké sí ẹnikẹ́ni lẹ́bàá odò, nítorí ariwo wa ń ba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí àwọn àlejò wá wá jẹ́. Mo gbà. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n má ṣe sá aṣọ sórí àpáta bí ọkọ̀ wa bá ń bọ̀. Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ gbọ́ ná, mo lọ bẹ àwọn aya ilé tiwa pé kí wọ́n fara pa mọ́ lórí ilẹ̀ baba ọkọ wọn! Àṣẹ kẹta ló wá fọ́ gbogbo rẹ̀ lójú.

Inú oṣù kẹjọ ni, nígbà tí àwọn èrò ìrìn-àjò mímọ́ ń rọ́ lọ síbi ihò àpáta Màríà ní Ìdáàṣà. Gbogbo abúlé ti lọ, Ìyá Rẹ́mí náà ti lọ. Mùsé Ẹ́rìkì mú ayàwòrán kan wá láti Kùtọnu láti ya àwòrán Ọ̀fun sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wo èèkàn wọ̀nyẹn, ó fajú ro.

"Tantí, ẹ fa àwọn igi yìí kúrò. Wọ́n ń ba ibẹ̀ jẹ́."

"Mùsé, èèkàn ọgbà ẹja Ìyá Rẹ́mí ni."

"Ẹ óò dá wọn padà bí a bá yàwòrán tán. Sé pà gráàf, kò tó nǹkan."

Jílíbẹ̀ fà mí lápá, ó ní, "Tantí, ṣé kí a má kúkú dúró de Ìyá?" Mo sì dá a lóhùn, èmi tí mo mọ gbogbo ohun tí mo ti sọ lókè yìí, pé, "Mo mọ omi yìí lórí." Ẹ wo ẹnu mi! Ọ̀sán gangan la fa èèkàn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, nígbà tí obìnrin tó ni wọ́n wà lórí eékún níwájú Màríà. A tò wọ́n sábẹ́ igbó. Nígbà tí wọ́n yàwòrán tán, Mùsé Ẹ́rìkì ní kí a fi wọ́n síbẹ̀, pé àwọn àlejò mìíràn ti ń bọ̀.

Ìyá Rẹ́mí dé láti Ìdáàṣà, ó wá bá mi nílé. Kò jókòó.

"Ìyàwó, ta ló fa èèkàn mi?"

"Bóyá omi ló gbé wọn lọ, Ìyá."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Omi máa ń ṣẹ́ èèkàn ni. Omi kì í fà á tu." Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sá fún un. Bí mo bá rí i lọ́nà odò, ọ̀nà oko ni mo máa ń gbà.

Nígbà tí àwọn àlejò náà dé, mẹ́fà ni wọ́n nínú ọkọ̀ mi. Àgbàlagbà kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Mùsé Bẹ̀nuà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń bi mí ní orúkọ gbogbo ẹyẹ. Lọ́jọ́ kẹta, a dé òkè Ọ̀fun. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Mo gun àpáta, mo wo omi, mo wá èèkàn, n kò rí nǹkan kan tí mo lè fi wọ̀n ọ́n. Ó dà bíi pé kò tíì dé àmì àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti bo ibi tí àmì kejì ìbá wà.

Bí a ṣe tú okùn ọkọ̀ ni mo rí Ìyá Rẹ́mí lórí àpáta òdìkejì. Ó ń ju aṣọ sókè, ó ń pariwo, ariwo omi kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Mo rò pé èébú ló ń bú mi níwájú àwọn àlejò nítorí èèkàn rẹ̀. Mo gbójú kúrò. Obìnrin náà ń sọ fún mi pé kí n má wọ̀ ọ́, ojú sì ń tì mí débi pé n kò lè wò ó.

Omi ti bo àpáta àárín Ọ̀fun, èyí tí a máa ń rí tí a sì ń yà fún. Ọkọ̀ rọ́bà náà gùn ún, ó sì dojú dé. Jílẹ̀ gbé àwọn márùn-ún léfòó, Jílíbẹ̀, tó ti ṣáájú dúró nísàlẹ̀, sì ju okùn fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n okùn ọkọ̀ ti lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ Mùsé Bẹ̀nuà, omi tẹ̀ ẹ́ mọ́ àpáta, imú rẹ̀ ń wọ omi, ó ń jáde. Mo rọ̀ mọ́ apá rẹ̀, mo ń gbé orí rẹ̀ sókè, n kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń pe orúkọ Ìyá Rẹ́mí bí ọmọdé.

Ẹ̀yìn àpáta náà ló gbà yọ sí wa, níbi tí omi ti ń sinmi, nínú ọkọ̀ igi ọkọ rẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ di okùn ọkọ̀ igi náà mú láti etí odò. Ìyá Rẹ́mí, tí orí rẹ̀ ti funfun, na ara jáde nínú ọkọ̀, ó fi ọ̀bẹ tí ó fi ń la ẹja gé okùn tó lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ Mùsé Bẹ̀nuà. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kán, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́.

Nígbà tí a gbé e sórí iyanrìn, tí Ìyá Rẹ́mí fi ìró rẹ̀ bò ó, ọkùnrin náà wò wá, ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé kò sí ẹnikẹ́ni níbí." Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá Rẹ́mí ní, "Sọ fún un pé àwa náà gbọ́ bẹ́ẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Mùsé Ẹ́rìkì mú ìwé kan wá kí n fọwọ́ sí. Mo kà á. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèkàn tí àwọn ará abúlé rì sínú odò láìgbàṣẹ ló há ọkọ̀ wa, pé kí ìjọba fòfin de ọgbà ẹja ní gbogbo ibẹ̀. Ara mi gbóná láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Èèkàn tí a fà tu lọ́wọ́ opó, kò ní sí níbẹ̀ kó gbà wá là, ṣùgbọ́n ó máa wà níbẹ̀ kó ru ẹ̀bi wa! Ìgèrè wọ̀nyẹn ló ń bọ́ ilé rẹ̀. Mo ní, "Mùsé, èmi àti ẹ̀yin la jọ fa èèkàn yẹn." Ó ní, "Tantí, bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, iṣẹ́ yín sì ti parí." Mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Mo tú jílẹ̀ tó wà lọ́rùn mi, mo fi lé e lọ́wọ́.

Ọ̀nà odò ni mo gbà lọ sílé Ìyá Rẹ́mí lọ́jọ́ náà. Mo kúnlẹ̀. "Ìyá, èmi ni mo fa èèkàn yín. Kì í ṣe omi."

"Mo mọ̀," bó ṣe dáhùn nìyẹn. "Mo ń retí ọjọ́ tí o máa wí i ni. Dìde, ẹja ń jóná."

Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò ku ìkan, mo mú un lọ fún àwọn tó ń gbọ́ ọ̀ràn náà ní Ìdáàṣà. Mùsé Bẹ̀nuà náà kọ tirẹ̀ láti orí ibùsùn ilé ìwòsàn. Wọn kò fọwọ́ kan ọgbà ẹja náà. Mùsé Ẹ́rìkì kó ọkọ̀ rẹ̀ lọ, mo sì gbọ́ pé ó ti rí odò mìíràn tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí. Kí Ọlọ́run ṣàánú àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi fà, èmi àti Jílíbẹ̀ tún èèkàn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán rì. Ìyá Rẹ́mí jókòó sórí àpáta, ó ń wo ọwọ́ wa, ó ní kí a tún ìkẹta rì lẹ́ẹ̀mejì. Èmi àti Jílíbẹ̀ ṣì ń mú àlejò gba odò náà, nínú ọkọ̀ rọ́bà àlòkù tí ibi tí a lẹ̀ lára rẹ̀ pọ̀ ju ibi tí a kò lẹ̀ lọ. Bí a bá dé òkè Ọ̀fun, gbogbo àjẹ̀ a dúró, èmi a sì ké sí onílé.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn àlejò wo aago rẹ̀. Ó ní, "Tantí, kí la ń dúró dè?"

"Onílé. Kò tíì dá wa lóhùn."

"Bí kò bá dáhùn ńkọ́?"

Mo gbé àjẹ̀ mi lé itan. "Nígbà náà, a ò tíì dé."