Pápá Tí Ẹsẹ̀ Wa Ń Ro

Nígbà tí mo ṣì wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Odigbo, koríko ò láyà láti hù lẹ́yìnkùlé bàbá oníkòkó kan ládùúgbò wa. Ẹsẹ̀ wa ò gbà fún un. Tá a bá ti tilé-ìwé dé, a ó bó oje rọ́bà tó ti gbẹ lára igi, a ó wé e mọ́ra títí táá fi di bọ́ọ̀lù, a ó sì máa lé e kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi ni gólì. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n mú o, mi ò mọ eré sá ni. Bàbá náà á máa fi wá rẹ́rìn-ín:

"Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ dáadáa o. Ẹsẹ̀ yín ló ń bá mi ro ó. Ọjọ́ tí koríko bá hù níbẹ̀, mo gba ilẹ̀ mi nìyẹn."

A rò pé àwàdà ni.

Àsìkò tí owó epo rọ̀bì gba ìgboro yẹn ni tíṣà kan tí ìjọba gbé wá láti Ìbàdàn ra tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀. Gbogbo wa rọ́ lọ sí pálọ̀ rẹ̀. Kí lẹ rò pé à ń wò? Òjò! Nǹkan funfun kan tó kàn ń hó ṣáá, torí àwòrán kì í fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Tí orí èèyàn kan bá yọ fìrí, a ó pariwo, ó tún ti lọ. Ọmọ tó lè sáré dé Ore láìsinmi ló ká ẹsẹ̀ kò tó ń wo òjò inú àpótí! Inú ṣì ń bí mi títí dòní.

Lọ́jọ́ kan mo gba ẹ̀yìnkùlé yẹn kọjá, koríko ti dé orúnkún mi. Bàbá ń pọ́n àdá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wa."

"Kí n fi sílẹ̀ fún ta ni? Ta ló wà níbí?"

Mo sáré lọ sílé tíṣà, mo dúró gbagidi níwájú tẹlifíṣọ̀n bí ọlọ́pàá. "Ẹ dìde! Bàbá fẹ́ gba pápá wa!"

"Yẹra níwájú wa jàre, olórí àgbọn!"

"Jókòó! Àwòrán ti fẹ́ mọ́ o!"

Mo yíjú kí n wo ohun tó fẹ́ mọ́. Bí èmi akọni ṣe jókòó nìyẹn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ebè ẹ̀gẹ́ ti kún pápá. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ìjọba gbé tíṣà lọ sílùú míì, ó di tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sínú lọ́rì, ó bá tiẹ̀ lọ. A dúró sẹ́bàá títì, bọ́ọ̀lù rọ́bà wà lọ́wọ́ wa, a ò ríbi gbá a. Àgbàlagbà kan ò sì bi wá pé kí ló dé.

Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá báyìí, mò ń retí èsì ìdánwò tó dà bíi pé ó ń sá fún mi. Bàbá mi náà ti ra tẹlifíṣọ̀n, àwọn àbúrò mi sì lẹ̀ mọ́ ọn bí eṣinṣin. Lánàá mo pa á, mo lé gbogbo wọn síta, síwájú ilé níbi tí ìyá mi gbin ẹ̀fọ́ sí, mo ju bọ́ọ̀lù sí wọn.

"Ẹ̀fọ́ mi o!" Ìyá mi figbe ta. "Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́."

Èmi náà ni gólì, wọ́n sì ń gbá a wọlé bó ṣe wù wọ́n. Ilẹ̀ ti ń pọ́n níwájú ilé wa. Koríko tó bá láyà, kó wá hù.