Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Kò Dáhùn Ìkíni

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà, òórùn orin ata, igi pákò tó máa ń ta lẹ́nu, gbà mí nímú. Obìnrin kan ló pàtẹ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní ìdì ìdì, ó ń wọ́n omi sí i kó má bàa gbẹ. Mo dúró síbẹ̀, n kò rántí ohun tí mo wá rà mọ́. Mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nínú ilé wa ní Pápá Àjàó.

Yàrá mẹ́wàá ló dojú kọra wọn nínú ilé náà, tiwa ló kángun sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, obìnrin tín-ín-rín tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ju oúnjẹ lọ. Ní ìdájí, á ti jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, á máa fi orin ata fọ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láì kánjú. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá tíì fọ ẹnu kò gbọdọ̀ kí òun. Tó o bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú itọ́ oorun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, á kàn wojú sánmà bí ẹni pé kò séèyàn níbẹ̀. Bàbá mi pàápàá, onírùngbọ̀n, bàbá ọmọ mẹ́ta, máa ń sáré fọ ẹnu kó tó wá dọ̀bálẹ̀.

Lọ́dún yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ọ. Ìyá mi ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń wọṣọ fún un, òun ló ń fún un ní ẹ̀kọ àti ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ẹnu.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyá àgbà kò dáhùn ìkíni wa mọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú kúrò lára ṣíbí. Ó ń gbẹ lójú wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Àǹtí Sùúrùlérè, wá kí i, ó sì bínú.

“Ìyàwó, kí lo ṣe fún ìyá wa? Ṣé ẹ̀kọ ni kò fẹ́ ni, àbí ìwọ gan-an?”

Ó ní tó bá di Sátidé, òun á wá gbé ìyá òun lọ. Mo bá ìyá mi ní kíṣìnnì lẹ́yìn náà, ó ń fi etí ìró nu ojú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò gbé abọ́ ẹ̀kọ dání. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá àgbà.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ẹnu yín.”

Ìyá àgbà pa ètè pọ̀ pinpin. Ojú ń tì í.

“Ẹ̀yin lẹ wẹ àkọ́bí mi nígbà tí mi ò mọ ọmọ wẹ̀,” ni ìyá mi wí. “Kí ló tún kù tí ojú á máa tì yín sí lọ́dọ̀ mi?”

Omi bọ́ lójú Ìyá àgbà, ó sì la ẹnu. Ẹ̀kọ àti ẹja ti há sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, níbi tí kò ti lè mọ̀ ọ́n lára mọ́. Èrìgì ibẹ̀ wú, ó pọ́n, òórùn rẹ̀ sì le.

Ìyá mi sáré pe nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní yàrá kẹta sí tiwa. Nọ́ọ̀sì ní kí á gbé Ìyá àgbà jókòó dáadáa, kó tẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀, kí omi má bàa gba ọ̀nà òdì. Ó wé aṣọ mímọ́ mọ́ ìka, ó rì í sínú omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó rọra nu gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ó ní a gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn wò lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a lọ. Ìyá àgbà gé e níka jẹ lẹ́ẹ̀kan, ìyá mi ké “Yéè!”, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ní ìparí, ó fi orin ata sí ọwọ́ òsì Ìyá àgbà, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ tì í lẹ́yìn, kó lè fọ eyín iwájú fúnra rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, Màmá àgbà.”

Ó wò mí. “Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o ti fọ ẹnu?”

Bàbá mi bi í pé kí ló dé tí kò dá wa lóhùn látọjọ́ yìí. Ó ní, “Ẹnu mi dọ̀tí. Kí ni kí n fi dá yín lóhùn?”

Nígbà tó fi di Sátidé, ó ti ń jẹ ẹ̀kọ. Àǹtí bá a lórí oúnjẹ. Ìyá àgbà sọ fún un pé òun ò lọ síbì kankan. Àǹtí wá ní kí ìyá mi kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu náà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló fi ń wá láti ìgbà náà, títí Ìyá àgbà fi jáde láyé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Wọ́n ti wó ilé náà, ṣọ́ọ̀bù alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń kí èèyàn lórí fóònù kí wọ́n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, a ò sì lè bá wọn jà. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Eyín òkè rẹ̀ jẹ́ àtọwọ́dá, mo máa ń yọ ọ́ fọ̀, màá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ èyí tó kù. Mi ò jẹ́ fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ láì tọrọ àyè. Láwọn ọjọ́ mìíràn, á ní rárá. Màá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, màá lọ gbálẹ̀ pálọ̀, màá tún padà wá bèèrè.