Ásíìdì Ojú Ewé Kẹsàn-án

Òórùn íǹkì àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ ni mo fi ń rántí ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n ká ìwé, kí n sì tò ó bí nọ́ńbà ojú ewé ṣe tẹ̀ léra. Kò sẹ́ni tó ní kí n kà á, ṣùgbọ́n mo máa ń kà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ìwé pẹlẹbẹ tí tíṣà sáyẹ́ǹsì kan ní Bàrígà kọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló wà níwájú mi. Ó fi Yorùbá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì: pé ohun tí a pò pọ̀ ni riákítáǹtì, ohun tuntun tó tibẹ̀ jáde ni pródọ́ọ̀tì, pé omi tó di yìnyín lè padà di omi, ṣùgbọ́n ìwé tó jóná ti di nǹkan mìíràn. Ó dùn mọ́ mi títí mo fi dé ojú ewé kẹsàn-án, níbi tí iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ Ajé wà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ da ásíìdì sínú ife, kí wọ́n wá da omi lé e.

Ọwọ́ mi dúró. Nígbà tiwa, ásíìdì la máa ń rọra dà sínú omi. Bí omi bá bọ́ lé ásíìdì líle, á gbóná lójijì, á sì ta síni lójú. Mo mọ ọmọ kíláàsì wa kan tó gba àpá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Bóyá èmi ni mo gbàgbé. Mo fi í han obìnrin tó ń fi píìnì so ìwé pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Àǹtí, tíṣà ló kọ ọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wá kọ́ tíṣà ni?"

Mo padà sídìí iṣẹ́. Lọ́sàn-án, ọ̀gá wa di ogún nínú ìwé náà, ó fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tíṣà náà. Mo rí i. Mo ń ká ìwé tèmi lọ.

Aago mẹ́rin kọjá kí tíṣà náà tó wá kó ìyókù. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ohùn mi tó jáde: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wo ojú ewé kẹsàn-án." Ọ̀gá ní kí n má dá oníbàárà dúró. Tíṣà náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yọ ìwé tó fọwọ́ kọ láti inú báàgì rẹ̀. Omi ló ṣáájú níbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tiwa ni ìlà méjèèjì ti gbapò ara wọn.

"Wọ́n ti pín ogún yẹn," ló wí. "Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, iṣẹ́ bátìrì mọ́tò ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ásíìdì kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

Ó pe bàbá náà, kò gbé fóònù. Àwa méjèèjì bá forí lé Ladi-Lak, níbi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Ọmọbìnrin náà jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, ìwé wa ṣí lórí itan rẹ̀, ife ike kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ife náà gbẹ. Ó ní òun fẹ́ dán an wò kó tó di ọjọ́ Ajé, òun ń dúró kí bàbá òun fi oníbàárà sílẹ̀, kó bu ásíìdì fún òun.

Tíṣà náà dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́. Ọpẹ́ náà kò tọ́ sí mi, torí láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo ti rí àṣìṣe náà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń yìn mí pé mi ò lẹ́nu, mo sì gbà pé ìwà rere ni. Níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohùn mi ṣì máa ń gbọ̀n tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó jù mí lọ. Mi ò kàn dúró kó balẹ̀ mọ́ kí n tó sọ̀rọ̀ ni.