Ẹ Gbé Ọkọ Ìyá Awwal Jáde Nínú Stóò Reluwé

Ìyá Awwal kú ní Ọ̀kà láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe wí. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá pé ká ṣe fún òun: ká sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ òun. A ò lè ṣe é. Inú stóò reluwé ní Ìkàrẹ́ ni ọkọ náà wà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ni, òkú ọkùnrin ni mò ń sọ. Ẹ kà á dáadáa.

Limota Badmus lorúkọ Ìyá Awwal. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, orí sàréè ọkọ rẹ̀ níwájú ilé ló sì ń sá a sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ti òkè òkun tí mo dàgbà sí dé àdúgbò rẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí.

“O ò ní kí bàbá rẹ ni?”

“Bàbá wo, mà?”

“Èyí tí o fẹ́ fi ìdí lé yẹn.”

Mo kúnlẹ̀, mo kí sìmẹ́ńtì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “O ń kí i bí ẹni ń ka ìwé. Kò burú, á gbọ́. Ọkọ mi kì í bínú ọmọdé.”

Bí ó ṣe ń bá a gbé nìyẹn. Bó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, á sọ bí òjò ṣe rọ̀ fún un, á sì fi ẹjọ́ Awwal, ọmọ wọn, sùn ún.

Lẹ́yìn náà ni reluwé dé. Rárá o, ìròyìn rẹ̀ ló dé. Wọ́n ní àwọn yóò fa ìlà gùn láti Ọ̀wọ̀ dé Ìkàrẹ́, kí olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba lè máa wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, kí wọ́n sì padà sílé nírọ̀lẹ́. Ta ni yóò kọ ire?

Ibi títẹ́jú níhà Ìkun ni ìlà náà kọ́kọ́ gbà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ní ilé epo lójú ọ̀nà yẹn. Ká tó mọ̀, ìlà ti ṣẹ́rí, ó gba iwájú ilé Ìyá Awwal, ó dorí kọ àpáta Ọ̀kà. Ṣé àpáta náà fara pamọ́ ni?

Ní ìpàdé tí wọ́n pe àwọn onílé sí, ọ̀gá kan ní ká fọkàn balẹ̀, pé àtòkú àtààyè ni yóò jẹ nínú ìdàgbàsókè náà. Ìyá dìde. “Ọ̀gá, ọkọ mi ò ní ibi tó ń lọ. Àbí ẹ fẹ́ kó wọ reluwé ni?”

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n hú ọkọ rẹ̀.

Wọ́n kó egungun rẹ̀ sínú àpótí, wọ́n gbé e sínú stóò, wọ́n ní àwọn ń ṣètò itẹ́ òkú tuntun. Àpáta gba owó, ó tún gba owó. Ìnáwó di ìlọ́po mẹ́ta, iṣẹ́ dúró, agbaṣẹ́ṣe àti ìjọba ń nàka síra wọn. Irin kan ò tíì kan ilẹ̀ Ọ̀kà. Ìyá ní kí wọ́n gbé àpótí náà fún òun. Wọ́n ní àfi bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i. Ọ̀gá wo? Lọ́jọ́ ọjà Ìkàrẹ́, á dúró sẹ́nu géètì wọn, á kí ọkọ rẹ̀ láti ìta. Ezekiel tó ń ṣọ́ ibẹ̀ a máa gbé àga fún un.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, Awwal lọ bá a.

“Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi. Àwọn tó mú un lọ ti wà l'Ábújá.”

“Ṣé kí n já ilẹ̀kùn ni?”

“Bí ẹ bá já a, èmi ni wọ́n máa tì mọ́lé. Ẹ sì mọ̀ pé mo níyàwó.”

Awwal padà wá lọ́wọ́ òfo. Lẹ́mọ́mù ò lè dúró mọ́.

Nílé wa, ilé là ń sin àgbà sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi wáyà yí iwájú ilé Ìyá ká, ó ti di ti reluwé. Oko la sin ín sí, bí ẹni tí kò nílé.

Ó ti rẹ̀ mí. N ò tilẹ̀ béèrè reluwé mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí owó reluwé náà, orúkọ ẹni tó ṣẹ́ ìlà náà lórí ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa, torí ibẹ̀ ni owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ba sàréè jẹ́. Kí ẹni tó fọwọ́ sí híhú náà wá sí Ọ̀kà, kó wá dúró níwájú Awwal.

A ti fi àyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún Ìyá, láàárín ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá.