Bàbá Mi Kì í Wo Èèyàn Lẹ́nu

Nínú ilé wa ní Mafolúkù, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kò ní ìdáríjì: kí o máa wo èèyàn lẹ́nu nígbà tó bá ń jẹun. Bàbá mi kì í na ọmọ nítorí àwo tó fọ́, kì í na ọmọ nítorí máàkì tó kéré, ṣùgbọ́n kí o fi ojú sin òkèlè ẹlòmíràn dé ọ̀nà ọ̀fun, ìfọ́tí á ti dún kí o tó mọ̀. Ó ní ìwà ọ̀kánjúwà ni. Òun fúnra rẹ̀, bí àlejò bá ń mu omi lásán níwájú rẹ̀, á kọjú sí ògiri, á máa wo ògiri náà bí ẹni tó fẹ́ rà á. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti pẹ́ tí yẹ̀yẹ́ náà ti tán lẹ́nu mi.

Olùdarí eré ìdárayá ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìsọlọ̀, níbi tí èmi náà ti ń kàwé. Gémù ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè é. Kò sí bí mo ṣe lè bá a rìn láti Òṣòdì dé Apákùn tí ẹnì kan kò ní pariwo "Gémù!" láti òdìkejì títì. Òun náà á na ọwọ́ sókè, á dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọdún tí onítọ̀hún jáde àti ẹsẹ̀ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Èmi á wà nínú oòrùn, ẹrù á wà lórí mi. Ọmọ Gémù ni mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi wúwo bí ọmọ odó, mi ò lè sáré dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ó dùn ún díẹ̀. Kò sọ ọ́ rí, àmọ́ mo mọ̀.

Ìgbà owó epo nìgbà náà. Wọ́n ń la títì, wọ́n ń kọ́ pápákọ̀ òfuurufú tuntun, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lónìí. Ìjọba ń wá ohun tó máa náwó lé lórí, eré ìdárayá sì wà lára rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà tuntun fa ọmọ tó mọ eré sá gbà lọ́wọ́ ara wọn. Mo fojú ara mi rí "ọmọ Fọ́ọ̀mù Tú" kan láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tó fá irùngbọ̀n láàárọ̀, tí irùngbọ̀n náà sì ti tún ń yọ lọ́sàn-án. Bàbá mi ò bá wọn ṣe é. Àwọn ọmọ tó bá ní ló ń lò, wọ́n sì ń borí, pàápàá nínú rílè àwọn ọmọbìnrin, eré tí àwọn mẹ́rin máa ń gbé ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Òkìkí rẹ̀ kàn dé Mínísírì ètò ẹ̀kọ́. Prínsípà wa wá sọ fún un pé tí ife ẹ̀yẹ ọdún yẹn bá tún bọ́ sí wa lọ́wọ́, wọ́n máa mú un lọ síbẹ̀ láti máa darí eré gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀. Màmá mi ti ń wo aṣọ fèrèsé tuntun kiri.

Ọgbọ́n bàbá mi kò ju ife kan lọ, ife tánganran funfun tí etí rẹ̀ ti họ. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń sáré fún un ló jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni bàbá, ìyá àti gbogbo wọn ń gbé, àwọn tó wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó láti apá Ọ̀yọ́. Wọ́n á wá sí pápá láìjẹun, wọ́n á sì ní àwọn ti yó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó dúró sórí ìlà, bàbá mi á po gúlúkóòsì mọ́ omi, á gbé ife lé e lọ́wọ́, á ní, "Mu ún tán." Lẹ́yìn náà, á kẹ̀yìn sí i. Á kẹ̀yìn títí ife á fi padà sí ọwọ́ rẹ̀ lófìfo. Kò bá ara rẹ̀ jà lórí ìyẹn rí. Ọmọ tó ń mu nǹkan lọ́wọ́, a kì í wò ó lẹ́nu, ó parí.

Ọmọbìnrin tó ń gba ọ̀pá kẹ́yìn nínú rílè wa wà ní kíláàsì kẹrin, kíláàsì kan ni ó fi jù mí lọ. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti gba ọ̀pá, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kàn ń tọrọ ìtìjú ni. Àlàájà, ìyá rẹ̀, ń ta abọ́ tánganran ní Òṣòdì. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n ń gbé. Gbogbo Iléyá ni itan àgbò ń ti ilé wọn wá sí ilé wa, gbogbo Kérésì ni ìrẹsì ń ti ilé wa lọ sí tiwọn.

Bàbá ọmọ náà le. Ó ti ká a mọ́ nígbà kan pé ó ní ilé kéú ni òun ń lọ, pápá ló sì ń lọ. Ó fẹ́ yọ ọ́ kúrò ní ilé ìwé lọ́jọ́ náà gan-an. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún un nínú pálọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá mi jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ọkùnrin náà ní, "Tíṣà, mo gbọ́ ti yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí eré yín bá tún kọ́ ọmọ mi ní irọ́, ọjọ́ náà ló kàwé mọ." Gbogbo wa gbọ́. Ọmọ náà gbọ́.

Eré ọdún yẹn wá bọ́ sínú oṣù ààwẹ̀. Bàbá mi pe ọmọ náà wá sí ilé wa nígbà tó ku ọ̀la.

"Ṣé o máa gbààwẹ̀ lọ́la?"

"Rárá, sà."

"Kí ni wọ́n wí nílé?"

"Wọ́n ní kí n jẹun, kí n wá san án padà tí ààwẹ̀ bá parí, sà."

"Tí o bá ń gbà á, sọ fún mi o. Màá fi ẹlòmíràn sí i. Kò ní bí mi nínú."

"Mi ò ní gbà á, sà."

Nígbà tó lọ tán, màmá mi ní kí ó lọ bi Àlàájà. Bàbá mi ní rárá. Ó ní tí òun Kìrìsìtẹ́nì bá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Mùsùlùmí tí òun ń béèrè ààwẹ̀ ọmọ wọn, ńṣe ló máa dà bíi pé òun ń sọ fún wọn kí wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ò ní ẹnu níbẹ̀. Màmá mi pòṣé.

Oòrùn ọjọ́ kejì kò ṣeé dúró sí. Bàbá mi gbé ife lé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kẹ̀yìn sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi wà ní ọ̀ọ́kán pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, à ń kọrin, ohùn mi ti há. Nígbà tí ọ̀pá fi dé ọwọ́ ọmọ náà, ipò kẹta la wà. Ó kọjá ẹnì kan níbi tí títì pápá ti yí. Ó ń bá ti iwájú bọ̀, ariwo sọ, mo di ọ̀rẹ́ mi mú lọ́rùn. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó dé okùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ́ mọ́ra wọn. Ó ṣubú lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn. Ọ̀pá náà yí lọ sínú koríko.

Mi ò rí bàbá mi kó sáré rí, òun tó ń kọ́ gbogbo ayé ní eré. Ọjọ́ náà ni mo rí i. Ó sáré tòun ti fèrè lọ́rùn, ó gbé ọmọ náà, orí ọmọ ń mì lọ́tùn-ún lósì. Ètè ọmọ ti gbẹ, ó ti funfun. Obìnrin kan nínú èrò, àdúgbò wọn ló wà, kígbe pé, "Ọmọ ààwẹ̀ ni! Wọ́n mú ọmọ tó ń gbààwẹ̀ sáré!" Igbe yẹn ló ṣáájú wọn dé Òṣòdì.

A lọ wò ó ní ọsibítù lọ́jọ́ kejì, èmi àti bàbá mi nìkan. Omi ń kán sí i lápá. Bó ti rí bàbá mi ló bú sẹ́kún. Ó ní òun ò gbé omi gúlúkóòsì náà mì. Ó ní òun fà á sẹ́nu díẹ̀, òun da ìyókù sínú koríko lẹ́yìn bàbá mi, òun sì lọ tu ti ẹnu òun síbi ọgbà. Ó ní òun ti sọ nílé pé Tíṣà ti pọn ọ́n ní dandan pé kí òun sáré, torí bí òun bá ní òun ló fẹ́, bàbá òun ò ní gbà. Ó ní òun ò fẹ́ jẹ ààwẹ̀, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀pá fún ẹlòmíràn. Irọ́ kan fún ilé, irọ́ kan fún wa. Inú bí mi débi pé ojú mi ń ta mí.

Bàbá mi fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà."

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n máa fà á. Bàbá ọmọ náà wá sí ilé ìwé pẹ̀lú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí. Prínsípà kó ìgbìmọ̀ jọ. Wọ́n bi bàbá mi bóyá òun ló pọn ọ́n ní dandan. Ó ní, "Èmi ni mo mú un wọ pápá." Wọ́n tún bi í. Gbólóhùn kan náà ló sọ. Prínsípà pè é sí kọ̀rọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ tẹnu rẹ̀, pé òun mọ̀ ọ́n, kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́.

Mo bá a jà nílé. Mi ò bá bàbá mi jà rí, mi ò sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ẹ sọ òótọ́ fún wọn! Ṣebí irọ́ ló pa!"

"Bí mo bá sọ pé irọ́ ló pa, kí ni bàbá rẹ̀ máa ṣe?"

"Kó mú un kúrò ní ilé ìwé! Òun ló fà á!"

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Mo ju ìwé ọwọ́ mi sórí tábìlì.

"Èmi ti ka ìwé tèmi tán," ni ó wí, ó sì lọ fọ ife rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Wọ́n gba fèrè àti kọ́kọ́rọ́ yàrá eré lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi í sí kíláàsì kìíní láti máa kọ́ wọn ní ìmọ̀ ìlera, bí a ṣe ń fọ eyín àti bí a ṣe ń gé èékánná. Mínísírì mú ẹlòmíràn. Màmá mi ò sọ̀rọ̀ aṣọ fèrèsé mọ́. Ìyẹn ò tó ohun tó dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé a ń rìn kọjá ní Òṣòdì, ẹnikẹ́ni ò pe Gémù mọ́. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń fi í han ẹnì kejì rẹ̀: "Òun nìyẹn, tíṣà tó fẹ́ pa ọmọ nítorí ife ẹ̀yẹ." Ọwọ́ bàbá mi ti fẹ́ lọ sókè fún ìkíni, torí ó rò pé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni. Ó fi ọwọ́ náà họ orí.

Iléyá dé, ẹran ò dé. Kérésì dé, bàbá mi ní kí a gbé ìrẹsì lọ. Mo kọ̀ láti gbé e, màmá mi ló gbé e. Wọ́n gbà á lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní kó jókòó. Iléyá kejì dé, ẹran ò dé.

Ọmọ náà ṣe ìdánwò àṣejáde, ó yege dáadáa, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Iléyá tó tẹ̀lé ìyẹn, Àlàájà fúnra rẹ̀ gbé itan àgbò lórí wá. Kò rán ọmọ. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ní pálọ̀ wa.

"Tíṣà, ọjọ́ kejì tó ṣubú ló ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi."

"Mo ti fura, Àlàájà. Ẹ dìde."

"Mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa yín lọ́jà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Mo ní tí mo bá la ẹnu, bàbá rẹ̀ á mú un kúrò. Mo dákẹ́, Tíṣà."

"Èmi náà dákẹ́. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

Mo dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó mọ̀. Gbogbo àsìkò yẹn, Àlàájà mọ̀, ó ń ta abọ́. Mi ò dárí jì í lọ́jọ́ náà, tí mo bá sì ní mo ti dárí jì í tán lónìí, èmi náà ń purọ́ nìyẹn.

Bàbá mi ò bi í nípa ìgbìmọ̀, kò bi í nípa ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó ṣì ń sáré?"

Àlàájà mi orí. "Kò sáré mọ́, Tíṣà. Kódà kí òjò máa pa á, rírìn ló máa rìn."

Bàbá mi fa àga kan sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ bá mi kí i."

Màmá mi se ẹran náà. Mo ní ebi ò pa mí. Mo gbé ti bàbá mi fún un, mo bomi sínú ife funfun yẹn, mo gbé e tì í. Ó ju díẹ̀ sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́. Mo fẹ́ wò ó. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbé e mì. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi, mo sì kọjú sí ògiri títí ó fi ní kí n wá kó àwo.