Ọpọlọ Tí Bàbá Job Fi Sílẹ̀

Gbogbo òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí ọpọlọ kan, n'Íkẹjà, ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Bàbá Job wá ná ọpọlọ tiwọn bí ẹni ń ná ọjà. Dókítà Olúfọlákẹ́ gbé fọ́ọ̀mù síwájú wọn, kí wọ́n yọ̀ǹda ọpọlọ wọn lẹ́yìn ikú fún ìwádìí àìsàn tó ń mú ọwọ́ wọn gbọ̀n.

"Ṣé ẹ máa dá a padà?"

"Rárá, Bàbá."

"Ìdajì ńkọ́?"

"Bàbá, odindi la nílò."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá wa àtijọ́ bá fi tirẹ̀ síbí, ẹ má gbé wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa o. Mo ti fẹ̀yìn tì."

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìlúpéjú. Nígbà tí sípánà ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní sípánà ayé òde òní ló ń yọ̀.

Fọlákẹ́ ṣàlàyé pé àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn kan wà nínú ọpọlọ tó ń fi èròjà kan ránṣẹ́ kí ara lè mira, àwọn mìíràn sì wà tó ń gba iṣẹ́ náà.

"Nínú tèmi, ṣé ẹni tó ń ránṣẹ́ ló kú ni, àbí ẹni tó ń gbà á ló dití?"

Fọlákẹ́ kọ ìbéèrè náà sílẹ̀. Ohun tí ìwádìí rẹ̀ ń wá gan-an nìyẹn.

"Bí ẹ bá rí i, ẹ sọ fún ìyàwó mi. Ojú mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rò pé mò ń bínú sí òun."

Nígbà tí Bàbá kú, ẹbí fárígá pé àwọn ò ní sin òkú tí ọpọlọ ò sí nínú orí rẹ̀. Ìyá Job, ìyàwó Bàbá, ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́: "Ohun tó bá ti lóun máa ṣe, ta ló dá a dúró rí nínú yín?"

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Fọlákẹ́ wá Ìyá Job lọ sílé ní Dopemu.

"Mà, àwọn tó ń ránṣẹ́ nínú ọpọlọ Bàbá ló kú. Àwọn tó ń gbà á ṣì wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ. Iṣẹ́ ni ò dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyẹn ni ojú Bàbá ò ṣe lè rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá ò bínú sí yín."

Ìyá Job sunkún títí, wọ́n fi etí ìró nu ojú. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn.

"Ṣé ẹ ṣì ń yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ẹ má kánjú o, Dókítà. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi ka ọkùnrin yẹn. Mi ò kà á tán."